Ọwọ́ Tó Kọ̀ Láti Wòkè

Nígbà tí mo ṣì kéré, kò sí igi máńgòrò kan ní Houinmè, àdúgbò wa, tí kò mọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Àjàṣẹ́ mọ bí máńgòrò orí òkè ṣe máa ń dùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ibi tí mo ti ń nawọ́ sí ọ̀kan tó pọ́n ni mo ti jábọ́, tí mo fi ìgúnpá balẹ̀.

Eegun tó ṣẹ́ jinná, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ohun líle funfun tí wọ́n fi dì í, ọwọ́ ọ̀tún mi dojú bolẹ̀, kò gbọ́ tèmi mọ́. Dókítà tẹ ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá mi, ó ní eegun méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan dúró jẹ́ẹ́, èkejì ní láti máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi kọ́kọ́rọ́ kí àtẹ́lẹwọ́ tó lè wòkè. Èyí tó yẹ kó yí ló ti gan. Bí mi ò bá tètè máa yí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ayé. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò lè fi ọwọ́ náà bu gààrì, mi ò lè fi bomi bọ́jú. Àǹfààní kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀ ni pé olùkọ́ wa kò rí àtẹ́lẹwọ́ nà.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi tó ń ta ẹ̀pà yíyan lọ́jà Ouando, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Láràárọ̀, wọn á fi aṣọ kékeré há mi lábíyá, wọn á ní kí n lẹ ìgúnpá mọ́ ìhà kí aṣọ má bàa já bọ́, kí n wá yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ̀pà tó bá dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa jẹ. Èmi ọlọ́gbọ́n, dípò kí n yí ọwọ́, gbogbo ara ni mo máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀pà á já bọ́, aṣọ á tẹ̀lé e.

“Ìyá àgbà, ẹ̀pà yìí ló ń yọ̀.”

“Ẹ̀pà kì í yọ̀. Ara ẹ ló ń parọ́.”

Adìẹ ilé wa sanra lásìkò yẹn. Mo sunkún, mo ní ó ti sú mi, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kàn ń bu ẹ̀pà ọjà wọn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀pà kan dúró. Mo wò ó títí, mi ò tilẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́.

Lóde òní, àwọn ọmọ mi kì í gun igi; fóònù ló ń jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ tiwọn wòkè láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá àgbà ti darúgbó, àìsàn sì ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó dojú bolẹ̀ bíi tèmi àtijọ́. Èmi ni mo ń fi aṣọ há wọn lábíyá báyìí. Lánàá, mo rí wọn tí wọ́n rọra tẹ ara sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀pà já bọ́.

“Ẹ̀pà yìí ló ń yọ̀,” ni wọ́n wí, wọn ò wo ojú mi.

Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé ara wọn ló ń parọ́. Mo ní, “Ó ń yọ̀ lóòótọ́, Ìyá àgbà.” Mo mú òmíràn, mo sì tún fi sí wọn lọ́wọ́.