Àdúrà Tí Mo Gbà Níbi Ìpàdé Ìgbìmọ̀

Wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo gbé wá láti Bódìjà: kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ máa sinmi lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Nítorí pé díákónì ni mí, wọ́n ní kí n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ni mo bá tú gbogbo rẹ̀ sínú àdúrà, àmín sì ń dún. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, alága ní, "Díákónì, ẹ ti gba tiyín ládùúrà. Ó kan ẹlòmíràn." Mo bi akọ̀wé pé ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà, mo dijú ni."

Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run gbọ́, àmọ́ ìjọba ni wọ́n ní kí n gbà nímọ̀ràn.