Ìjàlọ Tí Mo Lé Padà

Láàárọ̀ àná, aládùúgbò mi da kẹrosíǹ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nítorí kòkòrò, òórùn náà sì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ńṣe ni mo jókòó kalẹ̀. Oko Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lọ́nà Ìdèrè, ni ọkàn mi lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí mo wà ní kíláàsì kẹrin.

Inú ahéré ni Ìyá Àgbà kó èbù iṣu tí a fẹ́ gbìn sí, ó fi koríko bò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni àgbébọ̀ adìẹ mi ti ń sàba. Èmi ni mo ni ín o. Ìyá Àgbà ló fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo há Súrà Yásínì sórí nílé kéú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà lọ pọnmi, bẹ́ẹ̀ ni ìjàlọ tò jáde láti inú igbó, wọ́n dorí kọ ahéré. Ẹran ni ìjàlọ ń jẹ, wọn kì í sì í ṣàánú adìẹ tó ń sàba. Mo bu eérú, mo da kẹrosíǹ fìtílà lé e, mo fi dínà fún wọn. Wọ́n yà bàrá. Mo wá ń yan kiri bí ọ̀gá sójà. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, ó ní mo ṣeun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ṣí koríko. Èbù tí a gbé fúyẹ́ lọ́wọ́. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ikán funfun tín-ín-tìn-ìn tó jẹ́ pé igi àti iṣu ni tirẹ̀, tí kò lè pa òròmọdìẹ lára. Ìyá Àgbà ní ikán wọ̀nyí ni ìjàlọ ń wá jẹ bọ̀ lọ́jọ́ tí mo lé wọn.

Orí mi dàrú. Èyí tó ń buni jẹ ló fẹ́ gbà wá, èyí tí kì í buni jẹ ló febi pa wá. Ṣé kí n wá jẹ́ kí wọ́n jẹ adìẹ mi ni? Mo bi í pé kí ni ǹ bá ti ṣe. Ó ní:

“Ìwọ lo lé ìjàlọ, èmi ni mo gbé adìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èbù. N ò mọ ẹni tí n ó bú nínú àwa méjèèjì.”

Ẹ̀gẹ́ la gbìn lọ́dún náà. Nígbà tí odó iyán tuntun ń dún nílé onílé, láfún là ń ro.

Lóde òní, oògùn ni wọ́n ń fọ́n sóko. Ikán kú, ìjàlọ kú, ẹnikẹ́ni kì í ronú sí i. Èmi ṣì ń ronú sí i. Ìyá Àgbà ò fọwọ́ kàn mí lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú, ó sì ń dùn mí. Ká ní ó nà mí ni, ǹ bá ti mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi.