Àntóní Mímọ́ Ló Ń Gba Ọpẹ́ Mi

Ọjọ́ tí mo sọnù ní ọjà Nyanya kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Àntóní Mímọ́ ni àwa Kátólíìkì máa ń bẹ̀ tí nǹkan bá sọnù. Tí mo bá bá màmá mi wá kọ́kọ́rọ́ rí, Àntóní ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo ń jowú rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ náà, èrò pọ̀ débi pé ọwọ́ mi já kúrò lọ́wọ́ màmá mi. Bí mo ṣe ń sunkún kiri ni mo gbọ́ ohùn wọn: "Àntóní Mímọ́, bá mi wá ọmọ mi o!"

Mo sáré dì mọ́ wọn lẹ́yìn.

"Àntóní, o ṣé o!" ni màmá mi pariwo.

"Màmá, èmi ni mo rí yín!"

Wọn ò gbọ́. Wọ́n gbé mi mọ́ àyà, bí ère Àntóní tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe gbé Jésù ọmọdé. Kí Àntóní máa gba ọpẹ́ lọ. Èmi ni wọ́n gbé.