Bogumiła Tó Ń Ka Fíìmù fún Afọ́jú

Ní Kielce, ìlú kan ní ilẹ̀ Poland, tí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè bá ń lọ, ẹnì kan ṣoṣo ní ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní èdè wọn: ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdé, ti olè, gbogbo rẹ̀ ní ohùn kan náà. Òṣèré á kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, òǹkàwé á tẹ̀ lé e. Kò gbọdọ̀ sunkún, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí Bogumiła Wrzosek fi ayé rẹ̀ ṣe nìyí. Láyé ìgbà tí sójà ń ṣọ́ ìgboro, inú gbọ̀ngàn ìjọ ni wọ́n ti ń wo kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé wọ̀lú ní kọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò káwọ́ gbera. Fíìmù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tà mọ́ ló ń kà fún àwọn afọ́jú, á sì máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kún un: ta ló wọlé, ta ló yọ ọ̀bẹ. Ìkànnì kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kó wọn sí. Eugeniusz, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ti gba ojú rẹ̀, kì í jẹun alẹ́ láìgbọ́ ọ̀kan.

Àfi bí wọ́n ṣe ti ìkànnì náà pa nígbà òtútù ọdún kan. Kò sí adájọ́, kò sí ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ kan ló sọ pé fíìmù òun wà níbẹ̀, ni àwọn tó ń gbé ìkànnì náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, títí kan èyí tí àwọn tó ni ín fúnra wọn yọ̀ǹda. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba ń múra àtifọwọ́ sí àdéhùn tí yóò sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ dòfin. Eugeniusz ní kó fi sílẹ̀, pé òun á máa gbọ́ rédíò. Irọ́ ló ń pa, ó kórìíra rédíò bí nǹkan míì. Inú bí Bogumiła gan-an.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣe ìwọ́de ní gbàgede ìlú, wọ́n fi ìbòjú bébà bojú. Wọ́n fún un ní ọ̀kan, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ojú tí òun fi darúgbó nìyí, kí wọ́n rí i dáadáa. Aṣòfin Radosław Pietrzyk wá jáde sórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ńláńlá sílẹ̀. Bogumiła gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àdéhùn yìí yóò fìdí àjọṣe àwọn tọ́rọ̀ kàn múlẹ̀," ni aṣòfin wí.

"Olówó á sọ̀rọ̀, wọ́n á ti ẹnu yín pa," ni Bogumiła kà, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

"Ààyè ìpẹ̀jọ́ yóò wà lẹ́yìn ìgbésẹ̀."

"Wọ́n á kọ́kọ́ bẹ́ ọ lórí, kí wọ́n tó bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín gba gbàgede kan. Ojú aṣòfin pọ́n kankan. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

"Ìyá yìí, panu mọ́," ni Bogumiła kà.

Ọkùnrin náà dákẹ́. Bogumiła náà dákẹ́, nítorí òǹkàwé kì í sọ̀rọ̀ tí òṣèré ò bá tíì sọ̀rọ̀. Gbogbo èrò ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, aṣòfin ní ìpàdé ń dúró de òun, ó yí padà wọlé.

"Ó ti sá," ni Bogumiła kà.

Ìyẹn ò ní kí ìkànnì náà ṣí. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti maikirofóònù rẹ̀, ó ka fíìmù míì fún ìkànnì tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn ṣí. Eugeniusz jókòó tì í, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á wá ọ̀nà mú àbúrò òun. Àṣà àwọn òǹkàwé ni láti dárúkọ ara wọn bí fíìmù bá parí. Láyé sójà, kò sẹ́ni tó dán an wò, Bogumiła ò sì dárúkọ ara rẹ̀ rí láti ìgbà náà. Fíìmù parí, kò pa ẹ̀rọ.

"Bogumiła Wrzosek ló kà á," ló wí. "Òpópónà Wesoła, ilé kẹrìnlá, òkè kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá mú mi, ẹ sọ orúkọ yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ò ríran."