Ta Ló Ni Ògiri Tó Pa Tísà Sàlàkọ́?

Ògiri ilé ẹ̀kọ́ wó pa Tísà Ṣàíbù Sàlàkọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 1990 yìí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ìtàn lọ́wọ́. Ọmọ méjìlélógójì ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó kú nínú wọn, nítorí pé Tísà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tì wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Sàúdátù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó jáde kẹ́yìn, sọ fún mi pé, "Mo fẹ́ padà lọ mú báàgì mi. Wọ́n ní, 'Fi báàgì sílẹ̀ jàre, sá jáde!' Ìgbà tí mo máa yíjú padà, eruku nìkan ni mo rí."

Ilé ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ni, lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìgandó, orúkọ mẹ́ta ló sì ní. Ìdílé Alhaji Jàfárù ń fi orúkọ baba ńlá wọn pè é. Ìdílé Olóyè Akínbọ́lá ń fi orúkọ baba ńlá tiwọn pè é. Àwọn ọ̀gá tó ń rí sí ilé ẹ̀kọ́ ládùúgbò náà ní orúkọ tí wọ́n kọ sínú fáìlì. N kò ní pe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pólándì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe pè é.

Tísà ló fa orúkọ yẹn. Ní ọdún 1981, èmi náà jókòó níwájú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Pólándì tó da iṣẹ́ sílẹ̀, a sì bi í pé ibo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ilẹ̀ kan sójú pátákó, ó ní, "Pólándì rèé. Rọ́ṣíà wà níhìn-ín, Prọ́ṣíà wà lọ́hùn-ún, Ọ́sítíríà wà nísàlẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ò fẹ́ràn ara wọn rárá. Kí ẹnì kan má baà dá a jẹ, wọ́n pín in. Ní 1772, wọ́n bù ú. Ní 1793, wọ́n tún bù ú. Nígbà tó máa fi di 1795, ó tán." Ó fi ọwọ́ pa á rẹ́. Ó ní ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́fà ni Pólándì kò fi sí lórí máàpù, ká ka ọdún náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé ọgọ́ta, ó ti sú wa, ohùn wa ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má dákẹ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ò dákẹ́. Wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn lédè wọn ní kọ̀rọ̀, títí ilẹ̀ náà fi padà dé lọ́dún 1918." Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyà tó jẹ ẹlòmíràn lọ́nà jíjìn kan èmi náà.

Ohun kan wà tó máa ń mú un bínú nínú ìtàn yẹn. Ní ọdún 1791, àwọn ará Pólándì kọ òfin tuntun kí ìlú wọn lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ni Rọ́ṣíà kó ogun wọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wa bèèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀. Tísà ní, "Wọ́n fẹ́ tún ilé ara wọn ṣe ni."

Ẹ wá fetí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pólándì tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ mọ bí a ti ń ṣe é níbí: bí ilẹ̀ bá ti di ẹjọ́, ẹni tó bá kan búlọ́ọ̀kù kan mọ́ ilé orí rẹ̀ ti rí ẹ̀rí tí yóò gbé lọ sí kóòtù nìyẹn. Nítorí náà, ìdílé méjèèjì àti àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣọ́ ara wọn láti ọdún 1979, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe. Gbogbo ogun wọn kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n kọ "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sára ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n rí ọ̀dà tí wọ́n fi kọ ọ́, wọn kò rí sìmẹ́ǹtì.

Ní 1987, ògiri kíláàsì kẹta sán láti òkè délẹ̀. Àwọn òbí dá sìmẹ́ǹtì jọ, wọ́n gbé e wá. Àwọn ọmọ Olóyè Akínbọ́lá dé, wọ́n ní ta ló rán wọn sí ilé àwọn. Àwọn ọmọ Alhaji Jàfárù dé, wọ́n ní ilé ta ni. Ọ́fíìsì kọ lẹ́tà pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹjọ́ yóò fi parí. Òjò pa sìmẹ́ǹtì náà, ó gan sínú àpò, àwọn ọmọ sì sọ ọ́ di àga. Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin àgbààgbà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún yìí, ara Tísà kò gbà á mọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó po amọ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ibi tó sán. Ní ọjọ́ Ajé, Alhaji Jàfárù wá bá a nínú kíláàsì.

"Tísà, ṣé ẹ̀yin náà ti di onílẹ̀ ni?"

"Rárá, Alhaji. Àwọn ọmọ ni mò ń rò."

"Ta ló rán yín? Àbí Akínbọ́lá ni?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Olóyè Akínbọ́lá náà ti dé, ó ní Jàfárù ló rán an. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé tó wá láti ọ́fíìsì dúró sáàárín wọn, ó sì dájọ́ ńlá: kí Tísà ha amọ̀ náà kúrò. Olùkọ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta mú ọ̀bẹ, ó ń ha amọ̀ lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́, àwọn ọlọ́lá mẹ́ta sì dúró tì í títí ibi tó sán fi tún là gbayawu. Kò sí ohun mìíràn tí àwọn mẹ́ta yìí ti fi ẹnu kò lé lórí láti ọdún mọ́kànlá. Ṣé ojú kò tì yín ni?

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, òjò rọ̀ mọ́jú, ògiri sì wó.

Àwọn ọlọ́pàá dé. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn kò le: ta ló ni ilé yìí? Olúwa mi! Alhaji Jàfárù ní ilé ìjọba ni. Ọ́fíìsì ní àwọn kàn ń fi olùkọ́ ránṣẹ́ ni, onílẹ̀ ló ni ilé. Olóyè Akínbọ́lá ní òun ti gbọ́ pé ti Jàfárù ni. Ilẹ̀ tí èèyàn mẹ́ta ń jà lé lórí láàárọ̀ kò ní onílẹ̀ kan ṣoṣo mọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sán. Àwọn ọba mẹ́ta tó pín Pólándì, olè ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí ìwé olè wọn. Ọ̀lẹ ni tiwa. Kò sí ẹni tó wá síbi ìsìnkú nínú wọn. Ẹjọ́ ikú náà wà ní àgọ́ ọlọ́pàá di òní, wọ́n ní àwọn kò rí ẹni tí àwọn yóò bi.

Ìyàwó Tísà, Ìyá Tinúọlá, Wòsílátù lorúkọ rẹ̀, kò bèèrè nǹkan púpọ̀. Ó ní, "Kí ẹnì kan ṣá sọ pé òun ló ni ògiri tó pa ọkọ mi." Èmi ló bá a kọ ìwé kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni: "Èmi àti àwọn èèyàn mi kọ́ la ni ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí, a kò sì ní pè é ní tiwa láéláé." A gbé e lọ bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tí ilé náà kì í bá ṣe tirẹ̀, kí ló lè ná an láti fọwọ́ sí i?

Alhaji Jàfárù kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun máa fi han lọ́yà òun ná. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé ní ká fi sílẹ̀, òun á fi sínú fáìlì. Olóyè Akínbọ́lá fò dìde lórí àga, ó ní, "Ìyàwó Tísà, ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ ogún baba mi nù ni?"

Ogún baba ta ni, Olóyè?

Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ ní ẹ kò rí onílé. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo ti kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síhìn-ín, ẹ sì mọ ilé wọn. Ẹ lọ mú wọn.