Ìyá Ṣèyí àti Fíìmù Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi

Bí ẹ bá ń wá fíìmù tí wọ́n ti ń jà, tí wọ́n ti ń yìnbọn, tí mọ́tọ̀ ti ń fò kọjá lórí odò, ẹ má wulẹ̀ lọ bi àwọn ọ̀dọ́ Òkìtìpupa. Títíladé ni kí ẹ bi, akọ̀wé tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá Ṣèyí ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà láìwọ bàtà, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ta ni yóò rí i níbi tó ti ń rọra to fáìlì, tí yóò mọ̀ pé ó lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń fi àga kan ṣoṣo lu odindi ẹgbẹ́ olè?

Èmi kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Ìrágbìjí ni mo ti wá, iṣẹ́ ló gbé mi débí, Ìyá Ṣèyí ló sì mú mi lọ sọ́jà tí mo fi mọ̀ pé "wọn" tèmi ni "ghan" tiwọn. Torí náà, bí mo bá gbè é lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú. Mo máa gbè é.

Philemon ni ọkọ rẹ̀, awakọ̀ táksí tó ń ná ọ̀nà Òkìtìpupa sí Ìrẹ̀lẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń sinmi. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n jẹun tán, ìyàwó á ki fíláàṣì tí fíìmù wà nínú rẹ̀ bọ tẹlifíṣọ̀n, ọkọ á jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fíìmù á bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí ò wo fíìmù dópin rí. Kí ìjà tó gbóná, ó ti sùn. Ìyá Ṣèyí á rọra dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, á máa wo tirẹ̀ lọ. Tó bá parí, á pọn omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì, á gbé e síta, á wá jí ọkọ rẹ̀ pé kó dìde, kó wá fọ ọkọ̀ de ọjọ́ Ajé. Bí Philemon bá ti ń fọ ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ìyàwó á jókòó sórí àpótí, á máa sọ ìyókù fíìmù fún un.

Ìbéèrè kan náà ni Philemon ń béèrè nígbà gbogbo. "Ákítọ̀ ńkọ́?" Ẹni tí fíìmù dá lé lórí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ pé ákítọ̀ kì í kú. Ìyá Ṣèyí á ní, "Ó yè é." Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé àwọn fíìmù kan wà tí ákítọ̀ kú pátápátá nínú wọn, tí wọ́n tiẹ̀ sin ín, àmọ́ òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ òun.

"Ó ń lọ gbé èrò lọ́la," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ máa fi òkú ránṣẹ́ tẹ̀ lé e fún?"

Philemon kú sórí àga yẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan tó tẹ̀ lé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, bí dókítà ṣe wí. Ìyá Ṣèyí rò pé oorun ni. Ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù fún un bó ṣe máa ń ṣe, ó wo fíìmù náà dópin, ó pọn omi, ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì síta, ó wá padà wọlé láti jí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sọ ọ́ fún àwọn ẹbí nígbà tí wọ́n dé. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, òun ló sì kó bá a. Tẹjúmádé, ẹ̀gbọ́n Philemon obìnrin, ká ọwọ́ lérí. "Ọma ìyá mi ń kú lọ, ìwọ ń wo fíìmù?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Ìlútítun. Ẹnu ayé lẹbọ. Ohun tó tún wá bu epo síná ọ̀hún ni pé obìnrin yìí ò sunkún. Kò sunkún nígbà tí wọ́n gbé òkú jáde, kò sunkún létí sàréè. Ó kàn dúró nínú sùtánà rẹ̀, ó ń wo iyẹ̀pẹ̀. Tẹjúmádé ní tirẹ̀ sun ún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹlẹ́kún sunkún, ó bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ kó tó lọ, ó ní òun ò ní tẹ ilé yẹn mọ́ àyàfi bí òun bá gbọ́ pé omi bọ́ lójú opó.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé omi ojú ni wọ́n fi ń wọn òfò ni? Inú bí mi nígbà yẹn, ó sì ń bí mi títí di òní.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìyá Ṣèyí padà síbi iṣẹ́. Ó ń to fáìlì, ó ń dáhùn bí a bá kí i, ó ń jẹun bí a bá gbé e síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọkọ rẹ̀, á ní, "Ó sùn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣèyí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, pè mí pé bí òun bá ń bá màmá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń dà bíi pé àlejò ló gbé e. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé obìnrin yìí lè wà bẹ́ẹ̀ títí ayé, kó má padà sọ́dọ̀ wa mọ́.

Mo wá gbèrò pé bó bá jẹ́ fíìmù ló gbé e lọ, fíìmù náà lè gbé e padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, mo ní kó fi àwọn tó fẹ́ràn jù lọ hàn mí. Kò jiyàn. Àwa méjèèjì jókòó sórí ẹní, àga Philemon wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sẹ́ni tó jókòó lé e.

Ti bàbá arúgbó ará Ṣáínà kan tó ń ta tíì ló fi ṣáájú. Bàbá yìí fi bẹ́ǹṣì tó ń jókòó lé ṣe àwọn jàǹdùkú báṣubàṣu. Mo bi í pé, "Ìyá Ṣèyí, kí lẹ rí lára bàbá yìí?" Ó ní, "Ó máa ń bẹ gbogbo ẹni tó bá lù tán." Ohùn tó fi sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ka orúkọ oṣù. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti obìnrin tó ń wa tírélà gba orí òkè oníyìnyín, tí àwọn adigunjalè ń lé e. Ó fẹ́ràn ìyẹn nítorí pé obìnrin náà ń yí jíà bí awakọ̀ gidi, kì í kàn fọwọ́ yí sítíárìn kiri bí àwọn yòókù. Philemon ló kọ́ ọ ní irú wíwò bẹ́ẹ̀. A wo ti ọlọ́pàá ará Íńdíà tó ń fi ọwọ́ kan ju mọ́tọ̀, tó sì tún ń dúró jó láàárín ìjà. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ìyá Ṣèyí ní, "Bàbá Ṣèyí máa ń jí sí orin yìí." A tún wo ti àwọn ẹ̀dá kan tó ti ojú ọ̀run wá, tí ìbọn ò ràn, tó jẹ́ pé gbígbó ajá nìkan ni wọ́n ń sá fún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sí fíìmù Yorùbá níbẹ̀.

"Ẹkún ti pọ̀ jù nínú wọn," ló wí. Mo wò ó lójú. Kò fi ṣeré.

Kò fi fíìmù ọjọ́ tí Philemon kú hàn mí. Èmi náà ò béèrè.

Ọdún ń yípo lọ. Ọkọ̀ Philemon ṣì wà lábẹ́ máńgòrò, eruku àti ewé bò ó, Ìyá Ṣèyí ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi kàn án. Nígbà tó yá, ó gbà kí Joel rà á, awakọ̀ kan tí òun àti Philemon jọ wà ní gáréèjì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni Joel wá gbé e, èmi náà wà níbẹ̀. Ó ti di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ti fẹ́ wọlé sínú ọkọ̀, nígbà tí Ìyá Ṣèyí ní kó dúró.

"A kì í gbé ọkọ̀ tó dọ̀tí fún èèyàn," ló wí.

Ó pọn omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e jáde, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọkọ̀. Àpótí yẹn nìkan ni mo rí jókòó lé. Ó fọ orí ọkọ̀, ó fọ gíláàsì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ṣèyí, ibi tó o sùn dé nínú fíìmù yẹn ni ibi tí àwọn ọ̀tá ti ń bọ̀. Ọkùnrin yẹn ló ń ṣọ́ afárá. Odò náà fẹ̀ bí odò Olúwa tiwa níbí. Ó ní kí àwọn ará abúlé máa sọdá, òun nìkan dúró, ó ń fi idà dí àwọn ọ̀tá lọ́nà. Àwọn obìnrin sọdá, àwọn ọmọdé sọdá, ewúrẹ́ pàápàá sọdá."

Joel ń wo ilẹ̀. Ìyá Ṣèyí lóṣòó ti táyà iwájú, ó ń fọ̀ ọ́.

"Wọ́n wá tiná bọ afárá."

Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára táyà, aṣọ ń kán omi sílẹ̀. Mo retí kó máa bá a lọ, kò lọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé òun náà ń retí nǹkan, pé ó ti dé ibi tí ẹnì kan ti máa ń béèrè.

"Ákítọ̀ ńkọ́?" ni mo wí.

Ó la ẹnu. Mo rí i pé "ó yè é" ló ń bọ̀, bó ṣe máa ń bọ̀ lábẹ́ igi yìí.

"Ó kú," ló wí. "Ó kú, Bàbá Ṣèyí. Afárá jó wó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo sì jókòó, mò ń wò ó."

Ó jókòó sílẹ̀ sínú omi, ó gbé orí lé táyà, ẹkún sì gbé e. Mo lọ jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, mo dì í mú, èmi náà ń sun tèmi. Mi ò ránṣẹ́ pe Tẹjúmádé pé kó wá wò ó. Joel fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó rọra gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ ìyókù ọkọ̀ náà.