Láfún Orí Àpáta

Alihamudulilahi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá mi sí títí di òní. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹni tó lọ.

Ní Ìdèrè tí mo ti lọ́kọ, orí àpáta lẹ́yìn ìlú ni àwa obìnrin ti ń sá láfún, torí ibẹ̀ ló ti ń tètè gbẹ. Bí òjò bá pa á, dúdú ló máa dú, kò sì sẹ́ni tó máa rà á. Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, orí àpáta tó yẹ kí a sá fún gan-an la máa ń sáré lọ.

Ìyá ọkọ mi a máa kìlọ̀ pé bí àrá bá ti ń kù lókèèrè, kí a wọlé, kí a má fara ti ògiri, kí a má dúró lábẹ́ igi, kí láfún máa bá òjò lọ. A ó ní a ti gbọ́.

Lọ́dún tí owó náírà jáde, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyálé mi gbé agbọ̀n. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí láfún máa lọ. Àrá ti ń sán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé iyọ̀ ni mí tí òjò á fi yọ́ mi?"

Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mànàmáná kọ yànràn, tí àrá sán tẹ̀ lé e. Orí láfún náà la ti bá òkú ìyálé mi.

Àwọn aládùúgbò dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Obìnrin kan ní, "Àrá kì í pa ènìyàn lásán, ó nídìí. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì sunkún. Àwọn tó ni àrá ló ni òkú."

Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bu láfún tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀. "Ìdí ẹ̀ rèé. Láfún ló wá kó. Mùsùlùmí ni, àwa la ó sin ín." Wọ́n yíjú sí mi. "Lọ pọnmi wá. Tó o bá fẹ́ sunkún, sun ún."

Àwa méjèèjì péré la gbé òkú náà wálé, tí a sì wẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń bá ìyálé mi jẹun nínú àwo kan náà kò wọlé. Ohun tí mo kọ́ ní ilé kéwú ni mo ń kà, omijé ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ọkọ wa ti oko dé, òun àti lèmọ́mù pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta kírun sí òkú lára, a sì sin ìyálé mi kí oòrùn tó wọ̀, nínú òjò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ kú síbi tí ẹ ti ń wá oúnjẹ. Kó má sì jẹ́ kí ẹ ṣaláìní ẹni tí yóò wẹ̀ yín. Àmín.